Àgbà Abìlà Lára Ògiri Dhanua

Ọjọ́bọ, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà

A sun ohun tó kù lára Dhanua lónìí. Àbúrò mi kan ṣoṣo.

Àná ni Àgbà Abìlà gbé e, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, lábẹ́ igi màhúà rẹ̀ tó wà létí odò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òdòdó rẹ̀ tí a fi ń pọn ọtí sínú apẹ̀rẹ̀. Ọrùn ló ti gbá a mú. Nígbà tí a fi máa débẹ̀ pẹ̀lú àáké àti agolo tí à ń lù, ó ti jẹ itan kan tán, ó dúró lórí èyí tó kù, ẹnu rẹ̀ pupa, ó ń wò wá. Kò sá. Ó bú lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ọkùnrin abúlé yìí sì fi ẹ̀yìn rìn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ òkò. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi mú un nílẹ̀. Òkò àwọn yòókù wá rọ̀ tẹ̀lé tèmi, ó sì wọ inú oparun lọ, láìkánjú.

Apẹ̀rẹ̀ Dhanua ò dànù. Òdòdó kún un dé ìdajì. Mo gbé e wálé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìpàdé lábẹ́ igi àjàgbọn. Phagnu, ọmọ àbúrò bàbá wa, ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ bi ìyàwó Dhanua léèrè ohun tó fẹnu ara ẹ̀ sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.”

Rameli ò sẹ́. Ó ní oorun ṣì wà lójú òun nígbà tí ọkọ òun ń jáde, òun sì sọ fún un pé kó ṣọ́ra fún ẹranko náà, òun sì pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní abúlé yìí láti ọjọ́ tí màhúà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ títí dìgbà tó bá tán; Àgbà Abìlà là ń pè é. Ìyá baálẹ̀ di etí rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ Rameli ò tilẹ̀ tún orúkọ náà pè.

“Ẹ ti gbọ́,” ni Phagnu wí. “Ó pè é, ó jẹ́. Àjẹ́ ni. Ẹ lé e jáde.”

Gbogbo wọn mọ̀ pé tí wọ́n bá lé Rameli lọ, Phagnu ni àwọn igi màhúà yẹn máa bọ́ sí lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo sọ ọ́.

“Phagnu, ẹkún àbúrò mi lò ń sun ni àbí ẹkún igi ẹ̀?”

“Mahgi, ìwọ tó o já ọkọ sílẹ̀ wá jókòó sílé, kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?”

“Ilé bàbá mi ni mo jókòó sí. Kì í ṣe ilé bàbá tìẹ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Lothu ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Baiga ni, abọrẹ̀ abúlé wa, òun ló máa ń kan ìṣó mọ́ igi lọ́dọọdún láti fi di ẹnu Àgbà Abìlà. Ó ní, “Ẹni tó bá kú sí i lẹ́nu, orí ẹran náà lẹ̀mí ẹ̀ máa ń jókòó lé. Ibi tó bá mọ̀ ló sì máa ń darí ẹ̀ lọ, ilé ara ẹ̀ ló sì mọ̀. Ẹ wá ìjókòó míì fún Dhanua, á sọ̀ kalẹ̀.”

Òkúta la máa ń tò jọ níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú sí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ò jẹ́ ká to ohunkóhun jọ sétí odò, wọ́n sì gbé ìbọn dání. Bàbá Lothu wá rántí ògiri iwájú ilé Dhanua. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya igi màhúà ńlá sára rẹ̀ kó tó kú. Ó ti parí orí igi náà, tewétewé.

“Kí Mahgi parí ẹ̀. Kó ya Àgbà Abìlà sísàlẹ̀, kí Dhanua wà lókè.”

Baálẹ̀ Chamru dájọ́. Tí màhúà bá tán láìsí ẹlòmíràn tó kú, Rameli ń gbé ilé rẹ̀ nìyẹn. Tí Àgbà Abìlà bá tún pa ènìyàn kan ṣoṣo, Rameli máa lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kó lọ síbo. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Obìnrin tí wọ́n lé ní abúlé òdìkejì odò lọ́dún tó kọjá, inú omi la ti rí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A bẹ̀rẹ̀. Ògiri yìí ga ju ọkùnrin méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Mo de oparun, mo gùn ún. Rameli ń po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ẹfun nísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbo ó, kò sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi ta lé wa lórí.

Mo wo iṣẹ́ Dhanua fínnífínní. Àmì rẹ̀ tó dà bí èso ìrẹsì wà nínú ewé kọ̀ọ̀kan, méjì méjì, tí orí wọn kọjú síra. Láti kékeré ló ti fi ń kún ohunkóhun tó bá yà, bí èmi náà ṣe ń fi ìpẹ́ ẹja kún tèmi. Ẹni tó bá mọ̀ wá, kò ní bi wá pé ta ló ya èwo. Mo gbé ojú mi lé ewé kan, mo sunkún débi pé oparun ń mì. Rameli ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jábọ́ o. Èèyàn kan ni wọ́n ní mo pa, ẹ má sọ ọ́ di méjì.”

Amọ̀ pupa ti wọ́n lọ́jà. Wọ́n ti gbọ́ pé à ń wá a.

Ọjọ́bọ, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọdún Holi. À ń gbọ́ ariwo wọn láti abúlé kejì, wọ́n ń da àwọ̀ síra wọn lára. Ilé wa ò da nǹkan kan. Mo parí ara igi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Rameli lọ pọnmi. Phagnu dúró létí kànga, ó ní kó má ki korobá àjẹ́ bọ inú omi ènìyàn. Rameli ki korobá rẹ̀ bọ̀ ọ́. Phagnu sọ òkò lù ú lẹ́nu láti ibi tí kò jìnnà ju ìdúró èmi àti ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ. Eyín méjì ló yọ.

Mo rí i láti orí oparun. Mo já igi kan yọ nínú ohun tí mo dúró lé, mo fò sílẹ̀. Mo la igi náà mọ́ ọn léjìká, ó yí, mo là á mọ́ ọn lórúnkún. Nígbà tó ṣubú, mo tún gbé igi náà sókè, orí rẹ̀ ni mo ń wò. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló dì mí mú. Mo fẹ́ pa á. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́ fún ara mi lọ́la.

Rameli jókòó ti abọ́ amọ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀ sínú abọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó bá a mu?”

“Ó bá a mu, ìyàwó mi.”

Mo pò ó mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ya Àgbà Abìlà sábẹ́ igi. Èso ìrẹsì Dhanua ni mo fi kún un, nítorí mo rò pé ògiri Dhanua ni, kó máa jẹ́ ọwọ́ kan náà láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà á. Èso náà ń wọ́, ó ń dojú dé. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó parí rẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi ti wú.

Bàbá Lothu wá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Mahgi, ológbò ilé baálẹ̀ rèé! Eku ló ń ṣọ́ ni?”

Ó wá sún mọ́ ọn. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀.

“Èso ta lèyí?”

“Ti Dhanua ni.”

Ó gbá ara rẹ̀ lórí. “O rán an mọ́ ọn lára! A ní kó sọ̀ kalẹ̀, ìwọ lọ dè é mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ niṣẹ́, Mahgi? Ta ló bí ẹ?”

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọdún méje ilé wa ò ní ṣe irú rẹ̀. Ìbànújẹ́ ti sọ mí di òmùgọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Àgbà Abìlà wá ní ọ̀sán gangan. Orí oparun ni mo wà, mo ń ronú ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán náà rẹ́, mo sì rí gbogbo rẹ̀.

Akọ màlúù Baálẹ̀ Chamru ń jẹ koríko nínú oko ẹ̀yìn ilé. Ẹran náà yọ nínú koríko tí kò ga dé orúnkún mi. Mi ò mọ bí nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè wà níbẹ̀. Ó fò mọ́ màlúù náà lọ́rùn, ó fà á wálẹ̀, ó yí orí rẹ̀ padà, mo sì gbọ́ ìró eegun láti orí oparun. Èjìká rẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ. Èyí ni mi ò mọ̀. Orí á lọ sílẹ̀, èjìká á dìde, ìlà ara rẹ̀ á máa já, á máa so, bó ṣe ń fà. Ó fa odindi màlúù gba orí ebè kọjá, ẹsẹ̀ màlúù náà ṣì ń ta.

Gbogbo abúlé jáde. Phagnu ń tiro, síbẹ̀ òun ló pariwo jù. “Ẹ rí i? Ẹ ò rí i? Ẹ̀yìn ilé Dhanua gan-an ló wá!”

Baálẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ màlúù rẹ̀ nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Màlúù ni. Mo ní ènìyàn. Ìdájọ́ ò tíì yí padà.”

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo mú ọkọ́ sí ògiri láàárọ̀. Rameli mú àdá. A gé ológbò tí mo yà kúrò, orí rẹ̀, ìrù rẹ̀, gbogbo èso ìrẹsì tí mo fi tipátipá kó sí i nínú. À ń gé e, à ń bú u. Rameli tí kì í sọ̀rọ̀ bú u débi pé ìyá baálẹ̀ jáde wá wò wá. Eruku bò wá. Nígbà tí a ṣe tán, ihò wà lára ògiri tí ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀.

A tún un rẹ́. Kó tó gbẹ tán ni mo ti mú èédú, mo fa ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ògiri kan dé ìpẹ̀kun kejì, ní ìfà kan. Èjìká sókè, orí sílẹ̀, ọwọ́ tó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Igi náà ní láti tẹ̀ kó lè gbà á láyè. Ìpẹ́ ẹja ni màá fi kún un. Tó bá máa jẹ́ ti ẹnì kan, kó jẹ́ tèmi, nítorí èmi ni inú ń bí. Kí Dhanua jókòó sínú ewé rẹ̀ lókè, kó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹran yìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù Igbe

Yìnyín. Ó dé láìsí ìkìlọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ẹyin adìyẹ. Ó pa ewúrẹ́ méjì. Èmi àti Rameli gbé ibùsùn okùn méjì fi bo ògiri, a kọjú sí wọn, a fi ara tì wọ́n mọ́ ọn, yìnyín sì ń lù wá lẹ́yìn. Ó ń ké sí mi pé, “Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n!” Mo ní, “Ìwọ ni kó o wọlé!” Kò sẹ́ni tó wọlé nínú wa.

Ẹ̀yìn mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọwọ́ òsì Àgbà Abìlà ló lọ. Ìyókù wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ, ọjọ́ kẹrin

Mo tún ọwọ́ rẹ̀ yà. Ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èékánná rẹ̀ wọ ilẹ̀. Màhúà tí yìnyín gbọ̀n sílẹ̀ pọ̀ débi pé oníṣòwò kọ̀ ọ́ lọ́jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá Lothu wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó tún dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ sí ibi tí kò ti ní kọjú sí ògiri. Mi ò ní gbàgbé èyí.

Ó ku ojú. Mi ò mọ ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ màlúù, ó ti dorí kodò. Lọ́jọ́ Dhanua, ó wò wá, ṣùgbọ́n itan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo rí, ojú ọ̀hún ò kù sí mi lọ́kàn. Mi ò lè fi ojú ológbò sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá



Ní ìdájí, èmi àti Rameli ń lọ gbálẹ̀ abẹ́ igi rẹ̀ tó wà létí odò. Ó ṣíwájú mi, ó mú àáké lọ́wọ́. Igbe kan bẹ́ níwájú. Phagnu ni. Ó ti ṣíwájú wa débẹ̀, ó lọ ṣa màhúà Rameli kí Rameli tó jí, ó dá lọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Àgbà Abìlà ti dà á dojú bolẹ̀, ó ki ẹnu bọ èjìká rẹ̀, ó ń wọ́ ọ lọ sínú oparun. Awọ orí rẹ̀ ti ṣí wá sójú.

Mo dúró. Rameli ò dúró. Ó sáré lọ tààrà, ó gbé àáké, ó sọ ọ́ lù ú nímú, ẹran náà ò tilẹ̀ mì. Àáké ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ síwájú ojú ẹran náà, ó sì fi ẹnu tí wọ́n fọ́ léyín yẹn pè é ní orúkọ. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó pè é, ó tún un pè, ó tún un pè, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe olè nínú ọjà.

Àgbà Abìlà gbé ojú sókè. Mo rí ojú náà. Kò sí ibi nínú rẹ̀, kò sì sí àánú. Ó ń wò ó láti mọ ohun tó jẹ́. Ó ya ẹnu, Phagnu bọ́ sílẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Aṣọ ìró Rameli la fi gbé Phagnu. Iṣan díẹ̀ ló di apá rẹ̀ mú. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìlú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n kó àáké wá sẹ́nu ọ̀nà Rameli. Àwọn ọmọ ìyá Phagnu ló ṣíwájú. Wọ́n ní ó tún ti pè é. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì rèé. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo mú ọkọ́ tí mo fi gé ògiri lọ́wọ́, mo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé, màá fi ọpọlọ rẹ̀ kún ìrù tó kù. Wọ́n mọ̀ pé màá ṣe é.

Baálẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹ. “Ṣé Phagnu ti kú?”

“Kò tíì kú.”

“Ẹ lọ sílé. Tó bá kú, Rameli máa lọ. Èmi fúnra mi ni màá mú un jáde.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Rameli ṣe kù sọ́wọ́ ẹ̀mí ọkùnrin tó fọ́ ọ léyín. Èmi tí mo fẹ́ la orí rẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo lọ sídìí igi Bara Dev, òrìṣà àgbà wa, mo da ọtí màhúà sílẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí Phagnu má kú. Ó ń bí mi nínú bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ti gé apá Phagnu. Ibà ń mú un. Mo ya ojú ọ̀tún Àgbà Abìlà. Mo pa á rẹ́. Mo tún un yà.

Ọjọ́bọ, ọjọ́ kejìdínlógún

Phagnu ṣì wà láàyè. Rameli ò lè sùn, kò lè jẹun, ó kàn ń po amọ̀ tí mi ò nílò mọ́. Mo jẹ́ kó máa pò ó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Àná ni wọ́n gbé Phagnu wálé. Lónìí, wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ wá sábẹ́ igi àjàgbọn. Aṣọ wé gbogbo orí rẹ̀, ojú kan ló yọ. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tún kó àáké wá.

Baálẹ̀ ní, “Phagnu, ẹnu rẹ la fẹ́ gbọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ó pè é.” Ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo wa sún mọ́ ọn. “Mo fi etí kan tó ṣẹ́ kù fún mi gbọ́ ọ. Ó pè é lórúkọ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.”

Àwọn ọkùnrin dìde. Mo di ọkọ́ mi mú. Rameli ò mira.

“Ẹ jókòó,” ni Bàbá Lothu wí. “Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ yìí! Phagnu, níbo lo wà nígbà tó ń pè é?”

“Mo wà... mo wà lẹ́nu ẹ̀.”

“Nígbà tó pè é tán ńkọ́? Kí ni Àgbà Abìlà ṣe?”

Phagnu yí ojú kan náà sí Rameli, ó yí i kúrò.

“Ó jù mí sílẹ̀.”

Ìyá baálẹ̀ tó ti fẹ́ di etí rẹ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Baálẹ̀ wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Abẹ́ igi ta ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀?”

“Baálẹ̀, ó rẹ̀ mí.”

“Abẹ́ igi ta ni, Phagnu?”

Ó di ojú náà. “Igi Rameli.”

Ọmọ ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́kọ́ ju àáké sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo fi ojú òsì sí i ní òwúrọ̀ yìí. Ó ti parí.

Gbogbo abúlé wá. Àwọn ọmọdé ò sún mọ́ ọn. Bàbá Lothu da ọtí sí ìdí ògiri, ó ké sí Dhanua pé kó gòkè lọ jókòó sínú ewé rẹ̀, mo sì wo àwọn èso ìrẹsì yẹn lókè, méjì méjì, tí orí wọn kọjú síra. Mo rò pé ó wà níbẹ̀. Mo ní kó dágbére fún mi dáadáa nígbà yìí.

Rameli jáde wá. Ó dúró níwájú ògiri, orí rẹ̀ ò ga dé èjìká ẹran náà. Ó wò ó lójú.

“Ẹkùn,” ló wí.

Ìyá kankan ò di etí ọmọ rẹ̀.

“Ẹkùn, ibí ni kó o dúró sí.”

Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ Dhanua, ó sì lọ sétí odò lọ ṣa èyí tó kù lábẹ́ igi rẹ̀.